Nígbà tí a bá paná gàrí

Ẹ jókòó. Bùsọ́lá, fa àga yẹn sún mọ́ mi, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá àyè sí orí pèpéle. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn sílẹ̀ ná, kò ní sá lọ. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n imú mi ṣì pé, òórùn epo bẹntiróò kì í ṣe ohun tí ẹ lè fi pamọ́ fún mi. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo fi jókòó ti iná.

Ẹ ní ẹ fẹ́ lọ sí odò ìsàlẹ̀ lọ́la láàárọ̀, ẹ fẹ́ lọ dáná sun katapílà tó ń wa yanrìn níbẹ̀, ẹ sì ní kí n súre fún yín kí ẹ tó lọ. Bùsọ́lá ọmọ ọmọ mi ló sọ ọ́ fún mi láìfi bò, mo sì dúpẹ́ pé kò purọ́. Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí n tó la ẹnu sí àdúrà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò le, ó kàn gùn ni. Bí àgbà ò bá lágbára láti ṣe nǹkan mọ́, ẹnu nìkan ló kù fún un.

Ibi tí ẹ jókòó sí yìí, láti ẹ̀yìn ilé wa títí dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe yẹn, ààrò gàrí ni gbogbo rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé mi wá sílé ọkọ. Ààrò tó lé ní ogún ni, amọ̀ la fi mọ wọ́n, a sì fi páànù bo orí wọn. Kí oòrùn tó ràn dáadáa, ìró àáfọ́ igbá tí a fi ń ro gàrí nínú àgbada á ti gba gbogbo àdúgbò: ṣà, ṣà, ṣà. Ọwọ́ obìnrin kan kì í dún bíi ti èkejì. Mo lè wà nínú yàrá kí n sọ fún yín pé Ìyá Rábì ló ń yan tibí, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń yan tọ̀hún, èyí tó ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ yẹn, ọ̀lẹ kan ni, gàrí rẹ̀ á jóná. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni ọ̀lẹ yẹn lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé.

Kó tó di pé ẹ̀rọ dé, ọwọ́ la fi ń rin ẹ̀gẹ́, lórí páànù tí a ti fi ìṣó lu ní ihò. Ẹ wo ìka mi. Kì í ṣe àrùn ló sọ ọ́ dà báyìí. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rù ú lọ sí odò ìsàlẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín, a ó rọ ọ́ sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e, á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, títí tí yóò fi kan. Gàrí tí kò bá kan, ẹ má pè é ní gàrí Ìjẹ̀bú létí mi. Àwọn oníbàárà wa láti Ayépé àti Ìbẹ̀fún, wọ́n á ju díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n á dijú, wọ́n á ní, "Ìyàwó, èyí kan dáadáa." Omi odò yẹn ló ń ṣe é. Ó mọ́ débi pé ẹ lè ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín nínú rẹ̀, ẹja kéékèèké á sì máa wá jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín. Àwa obìnrin la mọ odò, àwọn ọkùnrin kàn ń gbà á kọjá ni.

Èéfín ààrò wa ni aago ìlú. Ẹni tó wà lóko lọ́nà Ìmùṣin á gbójú sókè, á rí i, á mọ̀ pé àlàáfíà wà nílé. Ọjọ́ Iléyá, ọjọ́ Kérésì, àti àkókò Agẹmọ tí obìnrin kì í yọjú síta, ìgbà wọ̀nyẹn nìkan ni ìdí ààrò máa ń tutù. Bí ilẹ̀ ọjọ́ mìíràn bá mọ́ tí èéfín ò yọ, àwọn àgbààgbà á ti máa wo ara wọn lójú. Wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣẹ àwọn obìnrin.

Pípaná la ń pè é. Bí ẹnì kan bá fi agbára rẹ́ obìnrin jẹ, tí a bẹ̀ ẹ́ tí kò gbọ́, tí a rán àgbà sí i tí kò gbọ́, a ó pàdé nídìí ààrò láàárọ̀. Olórí wa á bu omi sí iná tirẹ̀ ṣáájú. Ẹ ò tíì gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ rí: ṣùùù! Eérú á fò sókè. Ẹni tó tẹ̀ lé e á pa tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi kan ẹni ìkẹyìn, gàrí tó bá wà nínú àgbada á di ti ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà, kálukú á mú àáfọ́ igbá rẹ̀ dání, a ó tò lọ sí iwájú ilé onítọ̀hún, a ó jókòó sílẹ̀. A ò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé ìjókòó yẹn rọrùn o. Òfin rẹ̀ le ju ti ṣọ́jà lọ. A kì í pariwo, a kì í ṣépè, a kì í bú ìyá ẹnikẹ́ni, a kì í ju òkò, a kì í gba omi mu lọ́wọ́ ará ilé náà, a kì í sì í jẹ́ kíkí wọn. Bí wọ́n bá fi ilẹ̀kùn gbá ọ, o kàn máa sún díẹ̀ ni. Bí òjò bá rọ̀, ara wa ló rọ̀ sí. Ojú la fi ń ṣiṣẹ́. Bí onítọ̀hún bá ti yọ, gbogbo wa á gbójú sókè, a ó máa wò ó. Kì í ṣe ìwò ìbínú. Ìyá Rábì tó jẹ́ olórí wa máa ń sọ pé kí a wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ti sọnù. Èyí tó wá burú jù nínú òfin náà ni pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá la ẹnu, gbogbo ọjọ́ tí a ti jókòó di òfo. A ó dìde lọ sílé, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

A paná fún ọkọ kan tó ń lu ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló jáde wá dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. A paná fún akọ̀wé kan tó gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ opó. Ọjọ́ mẹ́ta kò pé tí ewúrẹ́ fi dá padà wá sílé pẹ̀lú okùn lọ́rùn, ẹnikẹ́ni ò rí ẹni tó tú u sílẹ̀. Ìyẹn la fi ń rẹ́rìn-ín fún oṣù mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n ti Alápákó ló le jù. Olówó àdúgbò wa ni, òun ló ń ta pákó fún ọ̀pọ̀ ará Ìjẹ̀bú-Òde, òun ló sì kọ́kọ́ ra lọ́ọ̀rì níhìn-ín. Lọ́jọ́ kan ṣáá, ó fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí ọ̀nà odò ìsàlẹ̀. Ó ní òun ti ra ilẹ̀ ibẹ̀, òun fẹ́ máa kó gẹdú síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ fọ ẹ̀gẹ́ ní láti yí gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó ń yọ̀. Aboyún kan nínú wa ṣubú níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, oyún náà sì bàjẹ́. Àwọn ọkọ wa yọ àdá. Mo ń gbọ́ tí ọkọ mi ń pọ́n tirẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìyá Rábì wọlé wá bá wọn, ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ẹ pọ́n ọn dáadáa, ẹ̀yin ọkọ wa. Ẹ ó fi roko. Ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ obìnrin ni." Kò gbé ohùn sókè. Mi ò mọ bó ṣe ṣe é, àmọ́ wọ́n gbé àdá sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a paná.

Ọjọ́ kẹta ni mo ba nǹkan jẹ́. Ìyàwó Alápákó gbé omi tó fi fọ abọ́ jáde, ó dà á sílẹ̀ níwájú wa kó lè ta sí wa lára. Ó ta sí ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. Ìyá rẹ lọmọ náà, Bùsọ́lá. Ó figbe ta. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dìde, mo ti ní obìnrin yẹn kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ láyé. Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyá Rábì kàn dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé." Àwọn obìnrin tí oòrùn ti pa fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ń kọjá níwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò wò mí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Rábì ní kí n padà sílé Alápákó, èmi nìkan, kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ obìnrin tó da omi sí ọmọ mi lójú. Mo ní, "Ẹ̀yin Ìyá, èmi ni mo máa bẹ̀ ẹ́?"

Ó ní, "Ìwọ ni. Omi lòun dà, èpè nìwọ dà. Èwo ló ṣòroó fọ̀ nínú méjèèjì?"

Mo lọ. Mo kúnlẹ̀. Inú ń bí mi débi pé eyín mi ń dún lẹ́nu. Obìnrin náà ò lè wò mí lójú, etí ìró rẹ̀ ló fi ń nu omi lójú ara rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé ọmọ wà lẹ́yìn mi. Mo gbà á gbọ́, bó tilẹ̀ dùn mí láti gbà á gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje ìjókòó kejì yìí, ìlú ti mọ̀ ọ́n lára. Kò sí gàrí, àwọn ọmọ ń jẹ iṣu tí ò tíì gbó. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, Ìyá Rábì ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán lórí ẹní tó tẹ́ sórí iyẹ̀pẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé Alápákó ṣí. A rò pé òun ni. Ìyá tó bí i ni, arúgbó tó ti pẹ́ tó ti jáde kẹ́yìn, ọwọ́ kan ló fi ń tọ ògiri, àpótí ìjókòó kékeré kan wà lọ́wọ́ kejì. Kò kí wa. Ó gbé àpótí náà sáàárín wa, ó jókòó lé e, ó kọjú sí ilé ọmọ rẹ̀.

Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná wá fún un, mò ń gbóòórùn ẹja inú rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Wọ́n bu omi wá, kò mu ún. Alápákó fúnra rẹ̀ jáde, ó ní, "Ìyá mi, oòrùn yìí le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé." Arúgbó náà ń wò ó bí àwa náà ti ń wò ó. Ọkùnrin yẹn dúró, ó dúró títí, ó wá bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré. Kí oòrùn tó wọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló lọ ká wáyà náà kúrò. Ẹ̀gún rẹ̀ ya á lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ sì fi aṣọ dì í fún un. Ìyẹn nìkan lẹ̀jẹ̀ tó jáde láti ọjọ́ tí a ti paná.

Àwọn àgbà ní ohùn tútù ló ń yọ obì lápò, ohùn líle ló ń yọ ọfà nínú apó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi rí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Alápákó kò kú, kò sì sá nílùú. Ó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń kí wa, a sì ń jẹ́ ẹ. Lọ́ọ̀rì rẹ̀ yẹn ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí mo fẹ́ bí àbúrò ìyá Bùsọ́lá. Ká ní àdá lọkọ mi gbé lọ, ta ni ì bá gbé mi?

Torí mo ti rí èkejì náà. Nígbà ìjà òṣèlú, àwọn kan lọ sun ilé kan ní àdúgbò kejì sí wa, àbúrò ọkọ mi sì wà nínú wọn. Wọ́n ní kò sẹ́nì kankan nínú ilé náà. Arúgbó kan wà ní yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n gbé e jáde láàyè, ó lo oṣù kan, ó kú. Kò sẹ́ni tó mú àbúrò ọkọ mi. Ó bímọ, ó kọ́lé, ó darúgbó, àmọ́ kò jókòó níbi tí iná ti ń jó mọ́ títí ó fi kú. Ìyàwó rẹ̀ ní láti máa retí kó jáde nílé kó tó dáná oúnjẹ. Àwọn olóṣèlú tó torí wọn ṣe é ti bá ara wọn rẹ́ kí ọdún náà tó parí, abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ dé, a yọ̀. Ẹ̀rọ tó ń yan gàrí dé níbòmíràn, a ò yọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ààrò ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan, bí eyín ṣe ń yọ lẹ́nu àgbà. Ìyá Rábì kú. Àwọn ọmọ wa gba Èkó lọ, wọ́n ń ra gàrí inú ọ̀rá, wọ́n ń bù ú fún wa bí wọ́n bá wá kí wa lọ́dún. Ẹ̀yin náà, gaàsì lẹ fi ń se oúnjẹ. Gaàsì dára, kì í ta síni lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa á, ta ló máa mọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo ń sá fún ló ti dé yìí, ó sì yẹ kí n sọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ta odò ìsàlẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ọmọ wa ló tà á. Ẹni tó rà á, àwọn kan ní ìlú òyìnbó ló wà, àwọn kan ní Èkó ni, àwọn kan ní kì í ṣe èèyàn kan, iléeṣẹ́ ni. Katapílà dé, ó ń kó yanrìn láti ìsàlẹ̀ odò. Omi di ẹrẹ̀. Kànga wa gbẹ. Ọ̀fìn tí wọ́n gbẹ́ ń sún mọ́ ilé ìyá Bùsọ́lá lójoojúmọ́, ògiri ilé ìdáná rẹ̀ ti wó sínú rẹ̀, yàrá tó ń sùn ló kàn. Ọmọ tí omi abọ́ ta sí lójú ló ń padà di aláìnílé lójú mi yìí.

Ẹ̀yin fẹ́ lọ sun ún láti ìgbà náà. Èmi ni mo ní kí ẹ dúró, pé mo mọ ohun tí a ń ṣe. Àwa mẹ́rin ló kù nínú àwọn tó mọ òfin ìjókòó. A ò ní ààrò mọ́, mo bá fi igi mẹ́ta dáná lẹ́yìn ilé yìí, kí n lè rí iná pa. Bùsọ́lá ló bá mi gba omi láti inú táǹkì. Mo bù ú sí i. Ó dún díẹ̀. Àwọn ọmọ kan tó ń kọjá lọ síléèwé bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ̀ ń sun ìdọ̀tí ni?"

A lọ, a jókòó sẹ́nu géètì wọn. Ọlọ́dẹ ibẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá, gbé àga oníke jáde fún wa, ó gbé omi inú ọ̀rá wá. A ò gbà á. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ọmọ Èkìtì ni, ó ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dìde nílẹ̀. Èmi náà òṣìṣẹ́ ni, wọ́n rán mi ni." Mi ò dá a lóhùn. Mo wò ó bí Ìyá Rábì ṣe kọ́ mi. Ojoojúmọ́ ló ń wá, ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, kò wá. Wọ́n ní ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní òun ò lè máa kọjá lára àwọn ìyá yẹn mọ́.

Inú mi dùn! Mo fún Ìyá Tóyìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìgbọ̀nwọ́. Mo rò pé a ti borí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá mìíràn ti wà níbẹ̀.

Òjò pa wá ní ọjọ́ kọkànlá, Ìyá Tóyìn ò sì tíì dìde lórí ibùsùn láti ìgbà náà. Ẹ̀yin ń ya wá ní fọ́tò, ẹ ń gbé e sórí fóònù. Bùsọ́lá fi hàn mí, ó ní èrò rẹpẹtẹ ló ti fi ọkàn pupa sí i. Mo bi í pé ṣé ẹni tó ni katapílà wà lára wọn. Ó ní òun ò mọ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, èmi fúnra mi ba ìjókòó jẹ́. Mo la ẹnu. Mo pe ọ̀gá tuntun yẹn, mo ní, "Ọmọ mi, yèsí ló rán yín? Ta ni? Ẹ mú mi lọ bá a, mi ò ní bú u."

Ó wò mí. Kì í ṣe ìkà. Ó ní, "Màmá, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Orí fóònù ni wọ́n ti ń pè mí."

Mo bá dìde, mo gbọn ìró mi, mo wá sílé. Mi ò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ làwọn baba wa wí, mo sì rò pé mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Agbára ìjókòó wa kò sí lára àwa tí a jókòó. Ojú ẹni tó ń wò wá ló wà. Alápákó gbọ́dọ̀ jí, ó gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó gbọ́dọ̀ rí wa kó tó lọ tọ̀. Eléyìí, ibo ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà? Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ wá a fún mi. Ẹ ti wá a, ẹ ò rí i.

Nítorí náà, nígbà tí Bùsọ́lá sọ fún mi lánàá pé, "Màmá, ẹ ti jókòó, kí ló yọrí sí?" mi ò ní èsì. Mi ò ní in lónìí náà. Ó ń dùn mí pé ohun tí mo fi gbogbo ayé mi gbà gbọ́, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé e lórí níwájú yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ sọ fún mi: bí ẹ bá sun katapílà, ta lẹ sun? Ẹni tó ni í ò ní gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọlọ́dẹ tó gbé omi wá fún wa yẹn, abẹ́ katapílà náà ló ń sùn, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ máa kọ́kọ́ jí i. Àbúrò ọkọ mi náà ní kò sẹ́nì kankan nínú ilé. Wọ́n á gbé katapílà mìíràn wá bí wọ́n ṣe gbé ọ̀gá mìíràn wá. Ẹ̀yin nìkan ni wọn ò ní rí òmíràn fi rọ́pò fún wa.

Mò ń wò yín, ilẹ̀ lẹ̀ ń wò. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó dáa, mi ò ní bá yín jà. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi débi tí mo lè lọ dí ọ̀nà mọ́ yín. Àdúrà tí ẹ ní kí n gbà, ó kọ̀ láti jáde lẹ́nu mi, ẹ má fi dandan gbà á. Bí mo bá súre fún iná, mo ti parọ́. Bí mo bá ní kí ẹ lọ jókòó, a jẹ́ pé mo tún parọ́.

Ẹ má tíì lọ. Kálukú kó wá síwájú mi níhìn-ín, kó sọ orúkọ rẹ̀ àti ilé tó ti jáde wá. Ojú mi ò lè dá yín mọ̀, àmọ́ orúkọ kì í sọnù lọ́wọ́ mi. Lọ́la, bí oòrùn bá kan àtàrí tí ẹ ò padà, ó yẹ kí ẹnì kan wà tó máa lè dúró sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, tàbí ti ilé ìwòsàn, kó dárúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni mo ṣì lè ṣe.

Bùsọ́lá, mo mọ tìrẹ. Ìwọ tó dúró lẹ́bàá òpó yẹn, ìwọ tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti dé, sún mọ́ mi. Ọmọ ta ni ọ́?